Olè Inú Kóńgò

Nígbà tí a wà ní ọmọdé, bí ìyá wa bá rán wa lọ ra gàrí, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń fi sìn wá jáde kì í ṣe ti owó nìkan. Yóò wí pé, "Ẹ má gbàgbé gba ènì bọ̀ o." Bí olùtajà bá ti wọn gàrí tán, tí ó sì dà á sínú igbá wa, a kì í yára gbé igbá kúrò níwájú rẹ̀. A ó dúró, a ó máa wò ó lójú, títí yóò fi bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ènì kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe ọrẹ. Ọ̀nà ni ó jẹ́ tí olùtajà ń gbà fi dá olùrà lójú pé òṣùwọ̀n òun pé, àní pé ó lé.

Ẹ̀yin òǹkàwé ọ̀wọ́n, ènì ti yí orí padà. Ní àkókò tí a wà yìí, olùtajà ni ó ń gba ènì lọ́wọ́ olùrà, kì í sì í bèèrè kí ó tó gbà á. Bí ẹ bá dé ọjà lọ́la, ẹ gbé kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí àti èlùbọ́, kí ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ ó rí òmíràn tí a ti fi òòlù lù ní ìdí títí inú rẹ̀ fi yọ gegele bí ẹ̀yìn ahun. Ẹ ó rí òmíràn tí a ti gé ní ẹnu, tí a sì tún etí rẹ̀ ká kí ojú má bàa fura. Àwọn kan a máa yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó dì síbẹ̀. Ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí mọ bí a ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí ẹ̀wà kúrò, tí òkìtì tí olùrà ti ń wò yóò fi padà sínú àpò. Dẹ́ríkà, agolo tòmátì tí ó ti di òṣùwọ̀n fún àwọn tí agbára wọn kò ká odindi kóńgò, kò bọ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni tálákà ni ó ń ra dẹ́ríkà.

Ìbá ṣe pé àwọn ìyá ọjà nìkan ni ó ń ṣe é, èmi ìbá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ìyálọ́jà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ní ẹ̀rọ, akọ̀wé àti agbẹjọ́rò ń ṣe ohun kan náà, wọ́n sì ń ṣe é ní ọ̀nà tí ó mọ́ tónítóní ju ti òòlù lọ. Páálí bisikíìtì kò yí padà ní gíga tàbí ní àwọ̀. Bisikíìtì inú rẹ̀ ni ó dín. Ọṣẹ ìwẹ̀ tí ó máa ń kún ọwọ́ ti di ohun tí ikùn rẹ̀ há sínú bí ti ẹni tí ń gbààwẹ̀. Ọ̀rá ọṣẹ lúbúlúbú wú, ṣùgbọ́n bí a bá ya ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ó kọ́kọ́ kí wa. Ní ti búrẹ́dì, èmi kò mọ ohun tí ǹ bá wí: ó ga, ó ń dán, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó di pẹlẹbẹ. Wọn a máa dá wa lóhùn pé ìwọ̀n wà ní ara rẹ̀, òótọ́ sì ni, nítorí pé àjọ NAFDAC pa á láṣẹ pé kí a kọ ìwọ̀n oúnjẹ tí a dì sí ara ohun tí a fi dì í. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Orúkọ ọjà náà tóbi débi pé a lè kà á láti òdìkejì títì. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà, ó sì fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ta ni ó sì ń rántí iye gíráàmù tí a kọ sí ara rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá? Ojú ni a fi ń rántí ọjà. Àwọn tí wọ́n fi páálí sílẹ̀ bí ó ti wà, tí wọ́n dín ohun inú rẹ̀, mọ èyí dájúdájú. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, wọn ìbá ti dín páálí náà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ sí i, nítorí pé inú ìṣirò ni ẹ̀tàn náà ti jinlẹ̀ jù. Ká ní ọṣẹ kan jẹ́ 100 gíráàmù, tí a ń tà á ní ₦500. Bí ẹni tí ó ṣe é bá sọ ọ́ di 80 gíráàmù, tí owó rẹ̀ sì dúró sí ₦500, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wí pé ìdá kan nínú márùn-ún ni ó fi lé owó rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ₦5 ni gíráàmù kan. Nísinsìnyí ó di ₦6 àti kọ́bọ̀ 25. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó lé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọ iye aṣọ tí ó ń fọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò san ₦625. Bí wọ́n bá kọ ₦625 sí ara ọṣẹ àtijọ́ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ariwo wa. Èmi kò tilẹ̀ tíì mẹ́nu ba àwọn ọ̀rá kéékèèké tí a fi ń ta mílíìkì fún ẹni tí kò lè ra agolo, níbi tí tálákà ti sábà ń san owó lórí gíráàmù kan ju ọlọ́rọ̀ lọ. Ọ̀ràn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Mo ti ń gbọ́ ìdáhùn wọn. Wọn yóò wí pé ìlú le. Wọn yóò rán mi létí pé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin, tí owó lítà kan sì fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Pé ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni a tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù Kẹfà ọdún tí ó ṣáájú lọ. Èmi kò bá wọn jiyàn rárá. Owó oṣù katikíìsì kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé pé nǹkan wọ́n. Obìnrin kan wà tí ó ń dín àkàrà ní ojú ọ̀nà ìjọ wa. Nígbà tí ẹ̀wà gbówó lórí, ó ń wí fún gbogbo ẹni tí ó bá yọ sí i pé, "Àkàrà mi ti kéré o, ẹ má bínú, ẹ̀wà ni kò ṣeé rà." Àwọn kan kùn, wọ́n rà á; àwọn kan kọjá lọ sí ibòmíràn, púpọ̀ nínú wọn sì ti padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò pe obìnrin yìí ní olè?

Ohun tí mo ń bá jà kì í ṣe ọ̀wọ́n, bí kò ṣe ìfipamọ́ rẹ̀. Ọjà Yorùbá dúró lórí ìnájà. Olùtajà pe iye tirẹ̀, olùrà dá iye tirẹ̀, wọn yóò fa ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, wọn yóò fi àwàdà sí i, wọn yóò bú ara wọn díẹ̀, títí ẹnu wọn yóò fi kò. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn yóò lọ. Agbára tí tálákà ní nìyẹn, òun nìkan ni ó sì ní: láti wí pé, "N kò rà á mọ́." Ṣùgbọ́n bí àwa bá ń ná iye owó, tí olùtajà sì ti fi òòlù ná ìwọ̀n kí a tó dé, òjìji ni a ń bá jà. Ẹ ti rí i rí: obìnrin kan a ná ìrẹsì títí ẹnu yóò fi gbẹ, olùtajà a mi orí, a wí pé, "Ó dára, ẹ mú un, nítorí tiyín ni," ìyá náà a sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀ pé òun já ₦200 kúrò. Ìdí kóńgò ti gba ₦200 náà padà kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ọjà, ó sì ti gba nǹkan lé e.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju owó lọ. Òṣùwọ̀n èké a máa da ilé rú. Mílíìkì tí ó yẹ kí ó pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tán ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ta ni ó lá a? A ó pe ọmọ ọ̀dọ̀. Gàrí tí ó máa ń gbé ilé dé òpin oṣù tán nígbà tí oṣù ku ọjọ́ mẹ́fà. Baálé a wo ìyàwó rẹ̀ ní ìwò kan. Èmi alára jẹ̀bi. Mo ti bèèrè lọ́wọ́ ìyá àwọn ọmọ mi ohun tí ó ń fi owó oúnjẹ ṣe, mo sì bèèrè ní ohùn tí kò yẹ kí katikíìsì fi bèèrè, níwájú àwọn ọmọ. Kò dá mi lóhùn. Nígbà tí ó ti ọjà dé ní ọjọ́ kejì, ó pè mí, ó gbé kóńgò tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó wa jáde, ó sì da ìrẹsì kóńgò kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú rẹ̀. Kò kún. Ó kù tó ìka méjì. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí a ti nà nítorí mílíìkì tí ẹnikẹ́ni kò lá?

Àwọn Kristẹni tí ń bẹ nínú òwò yìí kò lè wí pé a kò kìlọ̀ fún wọn. Efa ni kóńgò àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ṣekeli sì ni òkúta tí wọ́n fi ń wọn fàdákà. Amosi, darandaran Tekoa, dojú kọ àwọn olówò tí ara wọn kò balẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń retí kí ó kọjá kí wọ́n lè padà lọ sọ efa di kékeré kí wọ́n sì sọ ṣekeli di ńlá. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó so méjèèjì pọ̀: ohun tí a ń tà kéré, owó rẹ̀ tóbi. Òfin Mósè pẹ̀lú, nínú ìwé Deuteronomi, kọ̀ fún ènìyàn láti ní òkúta ìwọ̀n méjì nínú àpò kan, ńlá àti kékeré. Mo mọ àwọn tí wọ́n ní kóńgò méjì: ńlá ni wọ́n ń gbé lọ sí oko lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, kékeré ni wọ́n fi ń tà ní ìgboro. Wọ́n ń wá sí ìsìn. Mo ń rí wọn nígbà tí mo bá dìde láti ka ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè wọn a máa jó wá síwájú, ọwọ́ wọn a sì kún. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọ kì í bèèrè kóńgò èwo ni ó mú owó náà wá. Èmi pẹ̀lú kò bèèrè rí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé Nàìjíríà nìkan ni èyí wà. Ní Ìlú Ọba, ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba ka ọjà 2,529 tí a dín kù láàárín oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012 àti oṣù Kẹfà ọdún 2017. Ní ibẹ̀ kan náà, ní ọdún 2016, àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì Toblerone fẹ àlàfo àárín eyín rẹ̀, tí èyí tí ó jẹ́ 400 gíráàmù fi di 360, tí ti 170 sì di 150. Àwọn tí ń jẹ ẹ́ pariwo, wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà, títí tí a fi dá ìrísí àtijọ́ padà fún ti kékeré ní ọdún 2018. Ní ilẹ̀ Bràsíl, níbi tí ìran Yorùbá ti pọ̀ láti ìgbà òwò ẹrú, òfin ti wà láti ọdún 2002 pé ilé iṣẹ́ tí ó bá dín ọjà rẹ̀ kù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sí ara rẹ̀. Ní ọdún 2021 a sọ àkókò tí ìkéde náà yóò fi wà níbẹ̀ di oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024, àwọn ilé ìtajà ńlá gbọ́dọ̀ lẹ ìwé sí ẹ̀gbẹ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn òfin wọ̀nyí tí ó ní kí a má fi owó lé ọjà. Kí a wí i, ìyẹn nìkan ni wọ́n béèrè.

Kì í ṣe pé àwa kò ní òfin. Òfin Ìwọ̀n àti Òṣùwọ̀n wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, a sì fi í sí abẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó òwò. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi ọ̀rọ̀ tàbí àmì tan olùrà jẹ, ó sì dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti máa gbọ́ ẹ̀sùn wa. Ṣùgbọ́n ní ọjà tí mo ń ná, láti ìgbà tí mo ti ń ná an, èmi kò tíì rí aláyẹ̀wò kan kí ó yí ìdí kóńgò sókè. Mo fẹ́ kí àjọ náà bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lò bí ti Bràsíl. Mo fẹ́ kí ìyálọ́jà ọjà kọ̀ọ̀kan kó kóńgò jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a fi àmì lu èyí tí ó pé, kí a sì run èyí tí kò pé ní ojú gbogbo ọjà.

Ní ti ìjọ, kò sí ìdí tí a ó fi dúró de ìjọba. Mo ti bá àlùfáà wa àti ìgbìmọ̀ ìjọ sọ ọ́ pé láti ìkórè tí ń bọ̀ lọ, nígbà tí a bá ń ta irè oko nínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn, kí kóńgò ìyá ìyàwó mi wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ohunkóhun lè tún un wọ̀n níwájú ẹni tí ó tà á. Méjì nínú ìgbìmọ̀ wí pé èyí yóò lé àwọn ọlọ́jà kúrò nínú ìjọ. A kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà. A ó tún jókòó lé e lórí ní oṣù tí ń bọ̀.