Tí ìjọba bá sọ ilé bàbá yín di ohun ìrántí, ta ni yóò ra páànù?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìgbómìnà tí ẹ wà nígboro, mo gbọ́ yín. Ẹ ní kí ìjọba fi òfin dáàbò bo àwọn agbo ilé àtijọ́ tó kù ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kí òpó tí àwọn Fákẹ́yẹ àti àwọn agbẹ́gilére bíi tiwọn gbẹ́ má baà di igi ìdáná. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́, kí lòfin yẹn ń ṣe fún onílé gan-an?

Ẹ wo Ilojo Bar ní Tinúbú Square, l'Ékòó. Àwọn Fernandez, ìdílé Àgùdà, ló kọ́ ọ ní 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde pé ó ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Wọn ò torí ìyẹn gba ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Àwọn tó ni ín ṣì ni ín. Àṣẹ orí ilé ni òfin dín kù: ẹ ò lè wó o, ẹ ò sì lè yí i padà láìgba ìyọ̀ǹda àjọ NCMM, tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí nílẹ̀ yìí. Àárín gbùngbùn Èkó nìyẹn o, níbi tí ilẹ̀ ti ń pa owó. Òjò ń jẹ ògiri, owó àtúnṣe ò sí. Ní ọjọ́ Àìkú, September 11, 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ló fi jẹ́ ohun ìrántí lórí ìwé. Mi ò gbè sẹ́yìn wíwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kì í lẹ ògiri.

Ní New York, ìlú ò gbà kí Penn Central kọ́ ilé gogoro lé Grand Central lórí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà dá ìlú láre ní 1978. Síbẹ̀, ìlú gbà kí wọ́n lo ẹ̀tọ́ ìkọ́lé yẹn lórí ilẹ̀ míì nítòsí. Wọ́n fi nǹkan dí i.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO gbà wọlé ní 2005, rọrùn díẹ̀ ní tiẹ̀: òrìṣà ló ni igbó. Agbo ilé ní Ìlá, èèyàn ló ń sùn síbẹ̀. Ilé ẹbí sì ni púpọ̀ nínú wọn. Tí olórí ẹbí bá dá fọwọ́ síwèé, ẹjọ́ á sọ láàárín àwọn ọmọ ìyá.

Torí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i: ta ló ń ra páànù tí ìjì bá ṣí òrùlé? Ọjọ́ mélòó ni àjọ fi máa dáhùn tí onílé bá tọrọ àyè àtúnṣe? Tí èsì wọn bá jẹ́ "a máa wò ó", kí ẹbí gbé bírò wọn sílẹ̀.