Ọmọ Ta Ni Obìnrin Ọgbọ̀n Ọdún Yẹn?

Lásìkò ọdún Ọ̀ṣun ni mo pàdé ìyá kan tó ti South Carolina wá sí Òṣogbo. Àwọn àlejò yòókù ń ra àdìrẹ, wọ́n ń ya fọ́tò létí odò. Ní tirẹ̀, ìwé kan ló fà yọ nínú àpò, ẹ̀dà ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ka ẹrú lọ́dún 1860. Orúkọ olówó ẹrú hàn gedegbe. Àwọn ẹrú rẹ̀ kò lórúkọ: ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, àwọ̀ ara, ó parí. Ó fi ìka lé ìlà kan tó ti fi bírò sàmì sí: ọgbọ̀n ọdún, obìnrin, dúdú. Ó ní gbogbo ìṣirò òun ló fi hàn pé ibẹ̀ ni ìran òun ti ṣẹ̀. Ó wá wò mí lójú: "Ẹ̀yin lẹ wà nílé. Ọmọ ta ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọdún 1870 ni wọ́n tó kọ orúkọ gbogbo adúláwọ̀ sínú ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń tọpa ìran rẹ̀ á bá a dé ibẹ̀, ọ̀nà á wá dí. Àyẹ̀wò DNA lè sọ fún un pé "Nàìjíríà", ṣùgbọ́n Nàìjíríà kì í ṣe agboolé.

Mi ò sì fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣáájú 1776, Yorùbá kò pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀. Àwọn ará Àǹgólà, Senegal àti Gambia ló pọ̀ ní Carolina. Ìgbò pọ̀ ní Virginia. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fi tú, tí ogun ń kó ọmọ Ìjẹ̀ṣà bí ẹni kó àgbàdo, Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808. Brazil àti Cuba ló gba púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa. Síbẹ̀, ọkọ̀ Clotilda yọ́ wọ Alabama lọ́dún 1860, ó kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà nínú wọn. Ó wà láyé títí di 1935, kò gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹrú tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ni wọ́n kó lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Akọ̀wé jókòó níbẹ̀, ó ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí, bí ènìyàn ṣe ga tó, àti ilà ara. Orúkọ tó lé ní 91,000 ló wà nínú ìwé Freetown àti irú rẹ̀ tó wà ní Havana ní Cuba dòní. Bí etí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá kà á sókè, yóò gbọ́ ènìyàn rẹ̀. Àìná, a mọ̀ pé ìwọ́ ló gbé kọ́rùn wáyé. Orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀ṣun, a ti mọ ohun tí ilé wọn ń bọ.

Ìjẹ̀ṣà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Wọ́n mú Frederick Haastrup lẹ́rú, ó gba Sierra Leone bọ̀, ó ṣòwò l'Ékòó, ó sì di ọba Iléṣà, Ọwá Ajímọ́kọ́ Kìíní, lọ́dún 1896. Orúkọ àjèjì tó ń jẹ́ kò dí i lọ́wọ́, torí àwọn ará ilé ṣì mọ ọmọ ẹni tó ń ṣe.

Ìmọ̀ yẹn là ń sin mọ́ àwọn àgbà báyìí. Bí a bá pé jọ sí Iléṣà fún ọdún Ìwúdè lóṣù Kejìlá, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gbé fóònù ka iwájú àgbà tó kù nínú ilé, kó ní kí wọ́n ki ìdílé láti ìbẹ̀rẹ̀, kó bi wọ́n léèrè gbogbo orúkọ tí wọ́n bá dárúkọ.

Yèyé wa àgbà a máa ki ilé wa láàárọ̀, kó tó mu ẹ̀kọ. Bó bá dé orí orúkọ obìnrin kan, á dákẹ́, á ní, "Èyí tí ogun kó lọ," á tún máa bá a lọ. Mi ò bi í ní ohunkóhun. Láti ọjọ́ tí mo ti pàdé ìyá Carolina yẹn ni mo ti ń bi àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi léèrè orúkọ náà. Gbogbo wọn ló rántí bí Yèyé ṣe máa ń dákẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ.