Ẹ Má Tíì Dẹ́bi Fún Dẹ́rẹ́bà, Ẹ Tú Ìsàlẹ̀ Ẹ́ńjìnì Wò Ná

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá ààyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí n lè bá àwọn onímọ́tò ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, pàápàá àwa tí a ní típà àti lọ́rì ṣùgbọ́n tí a kì í wà á fúnra wa. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi gan-an, n kò sì ní fi ẹ̀bi tèmi pamọ́.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi ra típà 911 àlòkù kan tó ń kó iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ káàkiri Ìbàdàn. Mo gba dẹ́rẹ́bà kan sí i, ọmọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan báyìí. A jọ ṣe àdéhùn iye tí yóò máa mú wá lójoojúmọ́. Ó ń mú un wá, èmi náà ń gbà á. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù Kẹta ọdún 2024 tí ọkọ̀ kú sí ọ̀nà Mọ́níyà tòun ti iyanrìn lórí. Kó tó kú, ariwo kọ̀-kọ̀-kọ̀ ń jáde nínú ẹ́ńjìnì bí ẹni pé alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo bú dẹ́rẹ́bà náà níṣojú gbogbo èrò. Mo ní ó ti fi eré àsápajúdé bà mí lọ́kọ̀ jẹ́. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lé e lọ. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí, kí n lọ bọ Ògún. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wá kò tilẹ̀ tú nǹkan kan. Ó gbọ́ ariwo, ó ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, kí n lọ ra tòkúnbọ̀ ní Àràròmí, ní Géètì. Ẹnì kejì ní kí a da kẹrosíìnì sínú rẹ̀, kí a fi fọ̀ ọ́, kí a sì máa lò ó lọ.

Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá àgbà kan tó ti ń tún lọ́rì ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá náà wò mí, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ máa ra pósí nígbà tí a kò tíì mọ̀ bóyá aláìsàn ti kú?” Ó bi mí pé ìgbà wo la pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn. Mo ní à ń fi kún un dáadáa. Ó ní, “Fífi kún un kọ́ ni mo bèèrè. Pípààrọ̀ ni mo bèèrè.” N kò lè dáhùn.

Ó fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, ó fi ìka méjì fọwọ́ ra ohun tó wà lára rẹ̀. Ó ní kí n má wo dúdú tó dúdú, nítorí pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kì í pẹ́ dúdú lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ rẹ̀. Èéfín tó ń gbà sára ni. Kíki rẹ̀ ni kí n wò. Tèmi ti ki bí ògì gbígbóná. Ó kán díẹ̀ sórí irin gbígbóná, ó tẹ́tí sí i. Ó ní bó bá ta ṣáṣá, a jẹ́ pé omi rádíétọ̀ ti ń wọ inú ọ́ìlì. Kò ta. Ó wá ní kí a ṣí ọmọrí òkè ẹ́ńjìnì. Gbogbo ibi tí tápẹ́ẹ̀tì wà ti di èédú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú sọ́ǹpù, ìyẹn àwo ńlá tó wà nísàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbé. Háà! Ẹ̀yin ará, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò jọ ọ́ìlì mọ́. Ọṣẹ dúdú ló jọ. Ọwọ́ ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fi ń bù ú. Asẹ́ tí pọ́ńpù fi ń fa ọ́ìlì sókè ti dí pátápátá, àyàfi ojú bíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ́ìlì wà nínú ọkọ̀ o, ṣùgbọ́n kò lè gòkè. Bí bẹ́árìn, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí kiráńkì ń yí lé lórí, kò bá rí ọ́ìlì, irin á máa ha irin ni. Méjì nínú wọn ti jẹ tán. Àwọn ló ń pariwo. Piston mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ní àbùkù kankan.

Bàbá náà wá là mí lọ́yẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ọ́ìlì kọjá kí irin máa yọ̀. Òun náà ló ń gbé èéfín àti ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnì mọ́ra kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ irin. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n tó lè gbé. Nígbà tó bá kún, kò ní gbà mọ́, ìdọ̀tí á sì máa sùn sísàlẹ̀. Tí ẹrù bá tún pọ̀ jù, tí ọkọ̀ ń dúró fún wákàtí púpọ̀ láìpa iná lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gbé òkúta, tí nọ́sù tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì kò sì dára, kíá ni á di ẹrẹ̀. Ẹni tó ń fi ọ́ìlì tuntun kún irú èyí dà bí ẹni tó ń bu omi mímọ́ sínú omi tí wọ́n ti fi fọ aṣọ. Ṣé yóò mọ́?

Ní ti kẹrosíìnì, ó ní ìyẹn ì bá pa á tán. Kẹrosíìnì á sọ ọ́ìlì di omi, bẹ́árìn kò sì ní rí nǹkan dì mú. Á tún ṣí àwọn ìdọ̀tí tó ti lẹ̀, wọn á ya lọ dí asẹ́ tó kù àti àwọn ihò kéékèèké tí ọ́ìlì ń gbà.

Wọ́n há gbogbo ẹrẹ̀ náà kúrò, wọ́n fọ sọ́ǹpù àti asẹ́, wọ́n fi wáyà àti atẹ́gùn la ihò ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé kiráńkì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́, wọ́n ra bẹ́árìn tó bá a mu, fítà tuntun, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Wọ́n de géèjì mọ́ ọn láti rí i pé ọ́ìlì ń gòkè dáadáa kí wọ́n tó jẹ́ kó gbé ẹrù. Lẹ́yìn ọjọ́ 3, wọ́n da ọ́ìlì yẹn nù nítorí ìdọ̀tí tó kù, wọ́n tún da òmíràn sí i. Gbogbo owó tí mo ná kò tó ìdajì iye tí wọ́n pe ẹ́ńjìnì tòkúnbọ̀ fún mi. Ká tilẹ̀ ní mo rà á, irú ìtọ́jú kan náà ni ǹ bá fún un, ikú kan náà ni ì bá sì kú. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dẹ́rẹ́bà náà wá bá mi nílé. “Bàbá, ọ́ìlì ọkọ̀ yìí ti rẹ̀ o.” Ohun tí mo wí fún un ni pé, “Ra gálọ́ọ̀nù kan, kí o fi kún un.” Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, tí owó ọ́ìlì sì gbówó lórí, mo rò pé mo ń ṣọ́ owó ná ni. Mo ń gba owó ojúmọ́ pé, n kò yọ ti ọkọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ mi wá yọrí, ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé e kọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwa olówó ọkọ̀ ni pé kí a yọ owó ọ́ìlì àti fítà kí a tó ka èrè. Bí òǹkà kílómítà ọkọ̀ bá ti kú bíi tèmi, ẹ máa ka iye ìgbà tó gbé ẹrù, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì sínú ìwé. Ẹ ra ọ́ìlì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, nítorí àwọn kan ń sẹ́ kọ́ndéèmù sínú ike tuntun. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, bí iná pupa ọ́ìlì bá tàn, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní ó ku díẹ̀ kí ẹ délé. Ọkọ̀ tó bá kú sójú ọ̀nà lóru, ẹlòmíràn ló ń fi orí sọ ọ́. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má dájọ́ ikú fún ẹ́ńjìnì tí ẹ kò tú. Ó sì yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ onítípà fi í sínú àdéhùn pé olówó ọkọ̀ ló ni owó ọ́ìlì, kí dẹ́rẹ́bà lè ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Mo mú ọ̀rẹ́ mi kan lọ sílé ọmọkùnrin náà, mo bẹ̀ ẹ́ níwájú ìyàwó rẹ̀. Oṣù 2 ló ti wà nílé láìríṣẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lójú títì ti dé etí àwọn olówó ọkọ̀ yòókù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kò sí wàhálà, Bàbá, mo ti gbàgbé.” Ṣùgbọ́n kò padà wá wa ọkọ̀ mi. N kò sì lè dá a lẹ́bi. Ọ̀dọ̀ àwọn tí mo bà á lórúkọ jẹ́ lójú wọn ni mo ń lọ báyìí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń wí fún wọn pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ìdí kan náà ni mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Tíṣà Onítípà,
Ìbàdàn.