"Ọmọdé ni ẹ́" kì í ṣe èsì àyẹ̀wò

1/ Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ gbá èyí kọjá, ẹ kà á tán. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì pé ọmọ ogójì ọdún gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

2/ Ọmọ ọdún 27 ni àbúrò mi. Ìdògò níbí ló ń gbé. Ó ń fọ́mọ lọ́yàn lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan. Kò ta á, kò ro ó. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi lọ fi han àwọn tó ń tọ́jú èèyàn. Wọ́n ní, "Omi ọyàn ló dì. Ọmọdé ni ẹ́. Máa fi omi gbígbóná jó o."

3/ Oṣù méje ló fi jó o. Ìgbà tí awọ ọyàn náà rí bí èèpo ọsàn, tí orí ọmú wọlé, ló tó dé Abẹ́òkúta. Ìbéèrè àkọ́kọ́? "Kí ló dé tó o fi pẹ́?"

4/ Ẹ gbọ́ o. Kò pẹ́. Àwọn èèyàn ló dá a dúró.

5/ Ṣebí a máa ń sọ pé agbo àti àdúrà ni kì í jẹ́ káwọn obìnrin wa tètè wá? Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn kan tètè wá, a dá wọn padà sílé.

6/ Wọ́n ṣèwádìí kan ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà márùn-ún, èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Nínú àwọn aláìsàn tó wà nínú ìwádìí náà ní Nàìjíríà, nǹkan bí 36 péré nínú 100 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún 3. Láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní Nàmíbíà, 90 ni. Àrùn kan náà o!

7/ Ọjọ́ orí ò sì gbani. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Chicago, ti ń ṣèwádìí láti ọjọ́ pípẹ́ lórí ìdí tí àrùn yìí fi ń tètè mú àwọn obìnrin wa, tó sì máa ń le.

8/ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àyẹ̀wò parí láàárín 60 ọjọ́ tí obìnrin bá ti kọ́kọ́ fara hàn. Àmọ́ láyé ijọ́un, ojú irin tó ti Ifọ̀ wá parí sí Ìdògò. Lónìí, ọ̀kadà dé Ìlaròó, mọ́tò gba Pápáláńtò dé Abẹ́òkúta. Owó ọkọ̀, owó káàdì, owó scan. Ẹni tó ń yan gàrí, àpò mélòó ni yóò tà?

9/ Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ má bẹ̀rù. Àmọ́ ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Bó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, ẹ padà lọ, ẹ béèrè scan. Bí scan ò bá yanjú ẹ̀, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ẹ bá wa kọ lẹ́tà náà. Ìjọba, ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ rọjú.

10/ Wọ́n ti gé ọyàn kan fún àbúrò mi. Ó ṣì ń gba chemo. Ọmọ rẹ̀ ti ń rìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọdé ni yín, ẹ dá a lóhùn: "Ẹ ṣé. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀?"