Ẹ Má Fi Fáàfù Kan Ṣoṣo Tàn Wá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè gbé mì mọ́. Bí ènìyàn bá yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní agbègbè Oríta Challenge níbí, tàbí tó jókòó ti àwọn àgbà tó ṣì ń gbọ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ: "Ẹ̀rọ onífáàfù kan ló ń kọrin. Onífáàfù méjì, ariwo lásán ni!" Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé òfin ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ràn ẹ̀rọ àtijọ́ sì ti gbà á gbọ́. Wọ́n ń kó owó gọbọi lé ẹ̀rọ kékeré tó ní fáàfù kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì ń fojú pa èyí tó ní méjì-méjì rẹ́. Èmi kò gbà, n ó sì sọ ìdí tí n kò fi gbà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Fáàfù ni ìgò tó ń tàn pọ́n-ún nínú ẹ̀rọ àtijọ́, òun ló ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní single-ended, fáàfù kan ló ń gbé gbogbo ohùn, àtòkè àtilẹ̀. Kò gbọdọ̀ sinmi. Bí orin ń lọ, bí orin dákẹ́, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wo EL84 tó wà nínú rédíò àti radiográàmù púpọ̀ láyé ọjọ́un. Gẹ́gẹ́ bí ìwé àwọn tó ṣe é, yóò jẹ iná wáàtì 12, ohùn tí yóò fún wa kò sì ní tó wáàtì 6, ìyẹn bí a bá fún un dé góńgó tí ohùn ti ń wó.

Nínú push-pull ńkọ́? Fáàfù méjì ló dojú kọ ara wọn: bí ọ̀kan ti ń tì, èkejì ń fà. Ẹ ti rí àwọn méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ti ọ̀kan bá ń lọ sókè, ti èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ kò dúró, ọwọ́ kò sì tètè ro ẹnikẹ́ni. EL84 méjì tó ń ṣiṣẹ́ báyìí lórí iná fóltì 300 lè fún wa ní wáàtì 17. Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹyọ kan ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe ìlọ́po méjì péré.

Ibi tí àwọn onífáàfù-kan ti sọ òótọ́ wà o. Fáàfù kan máa ń fi nǹkan díẹ̀ kún ohùn. Èyí tó sì máa ń fi kún un jù ni ohùn tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì, irú èyí tí ọmọdé máa ń gbè bí bàbá rẹ̀ bá ń lé orin nísàlẹ̀. Ohùn méjèèjì bá ara mu, etí sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá gbé àwo sákárà Yusuf Ọlátúnjí sí i, tó jẹ́ ohùn rẹ̀ àti gòjé lẹ ń tẹ́tí sí, nínú yàrá kékeré, láìfún un sókè, ẹ ó gbádùn ara yín. N kò bá ẹnikẹ́ni du ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ṣé ohùn kan ni orin wa ni? Ẹ gbé àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá sí i, ẹ gbé Oroki Social Club tó gbé jáde ní 1971. Àwọn ìlù ń sọ̀rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń mì, agogo ń dún, agídìgbo ń rìn nísàlẹ̀, àwọn elégbè ń gbè. Bí ohùn púpọ̀ bá gba ọ̀nà wíwọ́ kan ṣoṣo kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a máa bí ohùn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò lù, tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Àwọn ọmọ àlè ohùn wọ̀nyí kò bá orin mu rárá. Àwọn ló ń sọ orin di kùrùkùrù. Push-pull pa púpọ̀ nínú wọn rẹ́, nítorí ohun tí fáàfù kan fi kún un, èkejì ní ń yọ ọ́ kúrò. Kì í pa gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà.

Ibí yìí gan-an ló ti ń dùn mí. Ìlù wa kì í ṣe ariwo, ọ̀rọ̀ ni. Nínú àwo àtijọ́ wọ̀nyẹn, onílù ń ki ènìyàn, ó ń pòwe, ó ń pe orílẹ̀ baba ẹlòmíràn. Àwa tí a gbọ́ ọ nígbà náà mọ ohun tó ń wí. Ọmọ wa tó ń gbọ́ ọ lónìí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀rọ bá tún wá sọ ọ̀rọ̀ ìlù di gbì-gbì-gbì, ọmọ náà yóò rò pé kò sí ohun kan tí wọ́n sọ níbẹ̀. Kí ni ẹ̀rọ dídùn fẹ́ ṣe fún wa bí ọ̀rọ̀ bá sọnù?

Ọ̀rọ̀ agbára náà tún wà níbẹ̀. Orin tó rọra ń dún nínú pálọ̀ lè má jẹ ju ìdajì wáàtì lọ. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹgọ́ bá ba awọ, ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ó lè béèrè ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ wáàtì 5 yóò ti dé òpin okùn rẹ̀, yóò gé orí ohùn náà. Sípíkà ńlá inú radiográàmù àtijọ́ ń gbà á láyè, nítorí iná kékeré ti tó o láti ké. Sípíkà kékeré òde òní kò rí bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ọ̀lẹ ni.

Wọ́n á tún ní push-pull ń gé ohùn sí méjì, pé ojú rírán rẹ̀ máa ń hàn. Ta ló sọ fún wọn? Nínú èyí tí a ṣe dáadáa, bí orin bá rọra ń lọ, fáàfù méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò sí ibi tí a gé. Ó di ìgbà tí ẹ̀rọ bá kébòòsí kí ọ̀kan tó máa sinmi fún èkejì. Èyí tí wọ́n gbọ́ tó dún burúkú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, fáàfù ibẹ̀ kò dọ́gba ni: ọ̀kan ti gbó, èkejì ṣì tuntun. Bí ọ̀kan nínú àwọn agúnyán bá rọ lápá, ṣé odó la ó bá wí?

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ariwo ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ní 1947, D. T. N. Williamson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ẹ̀rọ kan tó ń lo KT66 méjì. Ó ń dá díẹ̀ nínú ohùn tó jáde padà sẹ́yìn, kí ẹ̀rọ lè máa fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ní wáàtì 15, ohun tó fi kún orin kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Quad II tó jáde ní 1953 lo KT66 méjì bákan náà. Ohùn mímọ́ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ náwó, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ sípíkà kan náà, ẹ mú wọn dọ́gba, torí èyí tó bá ké jù ni etí máa ń yàn. Ẹ ta aṣọ bò wọ́n, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn. Kí ẹ má fi gòjé nìkan dán an wò, ẹ fi àpàlà kún un, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín pé: kí ni onílù wí?

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tú radiográàmù bàbá yín nítorí fáàfù inú rẹ̀, ẹ rọra. Yàtọ̀ sí pé iná inú rẹ̀ lè pa ènìyàn kódà lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà lára ògiri, ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ sọ di pàǹtí yẹn lè jẹ́ oníméjì tó dára ju èyí tí ẹ fẹ́ lọ rà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́, kí ó fi fáàfù tó dọ́gba sí i. Ẹyọ kan lè kọrin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí agbo bá kún, tí ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, ẹ jẹ́ kí méjì gún un.