Ta ló máa yọ ₦5,000 kúrò nínú òfin fáktìrì?

Ẹ dúró sí Joju láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń rọ́ lọ sí fáktìrì. Bí ọ̀gá kan bá tàpá sí Factories Act, tí ẹ̀rọ wá pa ọ̀kan nínú wọn, ìtanràn tí òfin náà là sílẹ̀ fún ikú yẹn kò gbọdọ̀ ju ₦5,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí méjèèjì.

Ọdún 1987, láyé ológun, ni wọ́n ṣe é. Owó gidi ni ₦5,000 nígbà yẹn. Àṣìṣe àwọn tó kọ ọ́ ni pé iye náírà gan-an ni wọ́n kàn mọ́ ọn. Ẹ wo Employee's Compensation Act ti 2010, tó wọ́gi lé òfin àtijọ́ lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ ń san. Owó oṣù gòkè, òun náà gòkè. Kò sẹ́ni tó ń lọ bẹ Abuja.

Gbólóhùn kan péré ló gbà: kí wọ́n so ìtanràn mọ́ owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tí wọ́n sọ di ₦70,000 ní 2024. (Kí wọ́n má kàn tún kọ ₦500,000 síbẹ̀ o.)

Ìdádúró yìí sì léwu. Òfin ìpìlẹ̀ kò gbà kí ìjìyà wúwo ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ bá pa lónìí, ₦5,000 náà ni.