Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nọ́ọ̀sì ológun l'Amẹ́ríkà: Kí ọmọ tó yí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ padà, ẹ ka ìwé àdéhùn

Inú òbí kì í dùn kékeré bí ọmọ bá wọ fásitì láìsan owó. Bí ọmọ náà bá tún ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí yóò sì di ọ̀gá ológun lọ́jọ́ tó bá gboyè, ìdùnnú ti di méjì nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ROTC ti àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń wu ọ̀pọ̀ ìdílé, títí kan àwọn Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀.

Láti ọdún 1916 ni òfin ti gbé ètò náà kalẹ̀. Iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ máa ń san owó iléèwé, tàbí owó ilé gbígbé àti oúnjẹ. Ó tún ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní dọ́là 1,200 lọ́dún fún ìwé, àti dọ́là 420 lóṣù. Ọmọ orílẹ̀èdè Amẹ́ríkà nìkan ló lè gbà á. Gíríìn káàdì nìkan kò tó.

Ṣùgbọ́n owó yìí kì í ṣe owó ọ̀fẹ́ lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gboyè nínú ìmọ̀ nọ́ọ̀sì, kó yege nínú ìdánwò NCLEX, kó sì sin iṣẹ́ ológun. Ọdún mẹ́jọ ni àdéhùn náà lápapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò lò lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Kí ló wá máa ṣẹlẹ̀ bí ọkàn ọmọ bá kúrò nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Kò lè dá yí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ padà. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n torí ẹ̀ fún un lówó, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, wọ́n sì lè sọ pé rárá. Ẹni tó gba owó náà láti ọdún kìíní lè fi ètò náà sílẹ̀ láìjẹ gbèsè kí ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àdéhùn bá bàjẹ́, wọ́n lè ní kó dá owó padà, tàbí kí wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun bíi ọmọ ogun lásán, kì í ṣe bí ọ̀gá. Àwọn ológun ló ń pinnu èyí tí yóò jẹ́.

Òfin náà kò burú. Ẹni tó sanwó fún nọ́ọ̀sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè nọ́ọ̀sì. Ibi tí ìṣòro wà ni àkókò. Ní ọ̀pọ̀ fásitì, akẹ́kọ̀ọ́ kì í tíì wọ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì gan-an ní ọdún kìíní. Ó di ìparí ọdún kejì kí wọ́n tó ṣa àwọn tí yóò tẹ̀ síwájú, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í ríbi wọlé. Ìlẹ̀kùn tí kò ní gbèsè ti tì nígbà náà. Ọmọ tí kò fẹ́ kúrò nínú nọ́ọ̀sì wá di ẹni tí nọ́ọ̀sì lé jáde.

Ó yẹ kí àwọn ológun ya irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn yí ọkàn padà, kí wọ́n sì jẹ́ kó rí ẹ̀ka mìíràn sìn wọ́n. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: iṣẹ́ ológun nílò onímọ̀ ẹ̀rọ àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà.

Àwọn òbí náà ní tiwọn láti ṣe. Ẹ wá fásitì tó ń gba ọmọ sí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì láti ọdún kìíní. Ẹ ka ìwé àdéhùn kí ọmọ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ má sì fi aṣọ ológun tàbí orúkọ nọ́ọ̀sì ti ọmọ sí iṣẹ́ tí kò wù ú, torí òun ni yóò ru gbèsè náà.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣiyèméjì, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kó tọ ọ̀gá rẹ̀ nínú ROTC lọ nínú ọdún kìíní, kó sọ ọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kí ọdún kejì tó dé lè má ná an ní kọ́bọ̀. Èyí tó bá fi pamọ́ di ọdún kẹta lè ná an ní ọ̀pọ̀ ọdún.